Ìdárò Ìmàgbọ̀n Láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ṣubú ní Ìmàgbọ̀n lọ́jọ́ 19 oṣù Èbìbí, ọdún 1892, láti ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ohùn yìí ti ń wá. Ẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Òṣùgbó tó ń pàṣẹ nílùú yín ló ń pàṣẹ nílùú tiwa, Orò tó ń lé obìnrin wọlé ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń lé e wọlé ní Ìpẹru àti Ìṣarà. Ó ti lé ní 130 ọdún tí ilẹ̀ ti bò yín. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ti kún Ṣágámù, mọ́ṣáláṣí ti kún Ìkẹ́nnẹ́, aago ń dún, ládàánì ń pe ìrun, mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Ìmàgbọ̀n nínú àdúrà kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sunkún yín ní gbangba, kí ọmọdé gbọ́, kí àgbà sì rántí.

Ogun onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí pọ̀ nínú ìtàn ayé, àwọn tó bá a lọ sì rí ẹni gbà wọ́n. Ní ọdún 1187, ní Hattin nílẹ̀ Palestine, Salahudeen ṣẹ́gun àwọn onígbàgbọ́ tó ti Yúróòpù wá, nínú oòrùn oṣù Agẹmọ, nígbà tí òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán kí idà tó kàn wọ́n. Ní 1212, ní Las Navas de Tolosa nílẹ̀ Spéènì, àwọn ọba onígbàgbọ́ ló borí àwọn Mùsùlùmí Almohad tó ti àríwá Áfíríkà sọdá òkun. Lọ́jọ́ méjèèjì, ìhà kan ní ajẹ́rìíkú ni òkú òun, ìhà kejì ní ṣàhídì ni tòun. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kú síbẹ̀ mọ ẹni tí yóò kírun sí i lára, tàbí àlùfáà tí yóò gbàdúrà lórí sàréè rẹ̀. Ikú burú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí òkú wọn jẹ́ tirẹ̀.

Ìmàgbọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ báyìí pé ogun ẹ̀sìn ni, pé ìgbàgbọ́ ló wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà tó lé òkùnkùn jáde. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà lójú ogun ọ̀hún. Kọ́nẹ́ẹ̀lì F. C. Scott ló kó ogun wá, Gómìnà Gilbert Carter ló rán an láti Èkó. Òyìnbó onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gágun tó yí Scott ká. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ogun West India Regiment, ọmọ ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ adúláwọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú bí 500 ọmọ ogun náà, Haúsá ni wọ́n, àwọn kan láti Èkó, àwọn kan láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, Mùsùlùmí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ará Ìbàdàn kan wà pẹ̀lú wọn, Yorùbá bíi tiwa. Onígbàgbọ́ ló ń pàṣẹ, Mùsùlùmí ló ń yìnbọn, ẹni tí ọta sì ń bá, onífá ni, olórìṣà ni, ọmọ awo Òṣùgbó ni. Àwọn Mùsùlùmí díẹ̀ wà nínú Ìjẹ̀bú nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run ẹnikẹ́ni ni wọ́n torí rẹ̀ gbé ìbọn. Ìlú wọn ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn Haúsá wọ̀nyí, nítorí ìdárò tó bá fi ìdajì òtítọ́ pamọ́, ó ti yan òkú jẹ. Ní ọdún 1863 ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ogun náà, ẹrú tó sá lọ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Àwa Yorùbá la rà wọ́n, àwa la tà wọ́n, àwa la fi wọ́n ṣe aláàárù àti aroko. Wọ́n sá dé etí ọ̀sà, Èkó fún wọn ní aṣọ, ó fún wọn ní owó oṣù, ó fún wọn ní ìbọn. Ó bí Ìjẹ̀bú nínú gidigidi láti máa rí i pé ẹni tí òun fi owó rà ti di ọmọ ogun tó ń dúró níwájú òun. Ọgbọ̀n ọdún ó dín ọ̀kan ló wà láàárín 1863 àti Ìmàgbọ̀n, àwọn tó yìnbọn ní 1892 kò sì lè jẹ́ àwọn kan náà pátá. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò kúrò létí wọn. Bí mo ṣe ń sunkún àwọn ará mi tó kú, mi ò lè sọ pé ẹni tó pa wọ́n kò ní ohun tó ń dùn ún.

Ọ̀nà ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú jókòó sáàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè. Ẹni tó bá fẹ́ ru epo àti èkùrọ́ láti Ìbàdàn wá sí Èkó, tó sì fẹ́ ru iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù padà, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ló yá a jù, Ìjẹ̀bú kò sì gbà kí àjèjì rìn ín. Òrù ni wọ́n ti ń pàdé ará òkè, Èjìnrìn ni wọ́n ti ń pàdé ará Èkó, àwọn fúnra wọn ló ń ru ẹrù láàárín ọjà méjèèjì, àwọn ló sì ń jẹ èrè ibẹ̀. Oníbodè ń gba owó ibodè, ọba ń gba tirẹ̀, ìlú ń gba tirẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ìjẹ̀bú sì ń ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ibodè yìí di ohun ogun gan-an. Inú ń bí àwọn oníṣòwò Èkó. Inú ń bí àwọn míṣọ́nnárì náà: Abẹ́òkúta ti fún wọn láyè láti 1846, ọ̀kan nínú wọn, Hinderer, ti jókòó sí Ìbàdàn láti 1853, ṣùgbọ́n lẹ́nu ibodè Ìjẹ̀bú, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbọ́ láti ọdún dé ọdún, pé kí wọ́n yí padà.

Ní oṣù Èbìbí 1891, Denton tó ń delé fún Gómìnà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá àti ẹ̀bùn. Wọ́n kọ ẹ̀bùn náà. Èkó ka èyí sí àbùkù, wọ́n sì béèrè ẹ̀bẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1892, àwọn ońṣẹ́ Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ọba Ìjẹ̀bú, dé Èkó, wọ́n sì ṣe àdéhùn: Ìjẹ̀bú yóò ṣí ọ̀nà, wọn kò ní gba owó ibodè mọ́, ìjọba Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Kò pẹ́ tí oníwàásù òyìnbó kan fẹ́ gba ìlú náà kọjá, wọ́n sì dá a padà. Carter ní wọ́n ti da àdéhùn, ó sì kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ogun. Àwọn àgbà kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n rí i pé ohun tó ń bọ̀ ju agbára ìlú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kò gbà. Kò sí àgbà tó lè sọ fún ọmọkùnrin tó ń di ìhámọ́ra pé kó tú u.

Ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ọmọ ogun Scott gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjú sí àríwá, wọ́n ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú igbó kìjikìji, àwọn aláàárù ru ẹ̀tù àti oúnjẹ tẹ̀lé wọn. Láti ibùdó dé ibùdó ni Ìjẹ̀bú ń yìnbọn sí wọn láti inú igbó. Odò Yemójì ní Ìmàgbọ̀n ni wọ́n wá fi ṣe odi. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tó 7,000, bóyá 10,000. Ìbọn Snider wà lọ́wọ́ wọn, ìbọn tí wọ́n fi owó ibodè àti owó epo rà. Ẹni tó bá ní wọ́n kàn kó ṣakabùlà jáde lọ bá òyìnbó, irọ́ ló pa mọ́ wọn. Wọ́n gbára dì bí wọ́n ṣe lè gbára dì. Ṣùgbọ́n òdìkejì odò ní ìbọn Maxim, ẹ̀rọ tó lè yọ ọta bí 600 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí kò sí ẹnì kankan ní Ìjẹ̀bú tó tíì dúró níwájú irú rẹ̀ rí. Ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fò wọ inú igbó pẹ̀lú iná. Àwọn Haúsá kọ́kọ́ lọ́ra láti wọ omi náà, àfi ìgbà tí àwọn ọ̀gá wọn ṣáájú. Ìjẹ̀bú kò sá nígbà tí ìbọn náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró títí ìdúró kò fi wúlò mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ogun Scott ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Òkú ti Scott, wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òkú Ìjẹ̀bú, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Ó mà ṣe o! Ọkùnrin tó fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko láàárọ̀, tí ọkọ́ ń retí rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ìyàwó, tí wọn kò tíì sin ìyàwó fún. Baálé tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Ifá, tí ẹsẹ̀ dá mọ́ ọmọ lẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà tí wọ́n jọ dá aṣọ, tí wọ́n jọ lọ, tí ìdajì wọn padà wálé tí wọn kò lè wojú ìyá àwọn yòókù. Ẹ̀yin la mọ̀ pé ẹ kú. Orúkọ yín ni a kò mọ̀. Ìran yín kò kọ ìtàn sínú ìwé, oríkì ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni, àwọn obìnrin tó mọ oríkì yín sì ti wọlẹ̀ lọ, ọmọ wọn sì ti ń kọ orin ìsìn àti wákà, wọn kò rántí ki yín mọ́.

Ohun mìíràn tún kú pẹ̀lú yín, ìyẹn agbára láti kọ̀. Ìlú tó lè dúró lẹ́nu ibodè rẹ̀, kó wo ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn àti ìbọn, kó sì sọ fún un pé òun kò fẹ́, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn 1892. Ní oṣù kìn-ín-ní 1893, Abẹ́òkúta tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Carter, Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ti tirẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yemójì. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fẹ́ ṣe bí ọba lórí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ní 1895, àgbá ni wọ́n fi dá a lóhùn. Mi ò sunkún owó ibodè, mi ò sì ní sunkún ọjà ẹrú láé. Àwọn nǹkan méjèèjì yẹ kó kú, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ àwa fúnra wa ni a pa wọ́n, nínú ìgbìmọ̀ wa, pẹ̀lú ẹnu wa.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Rẹ́mọ, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò. Àǹfààní bá wa nínú ìṣubú yín. Ní 1894, Akárìgbò Oyèbájò, ọba wa, bá Èkó ṣe àdéhùn ti Rẹ́mọ lọ́tọ̀, a sì wà lábẹ́ Èkó títí wọ́n fi dà wá pọ̀ mọ́ ẹkùn Ìjẹ̀bú ní 1914. Nígbà tí a tún fẹ́ jáde, tí ìgbìmọ̀ Martindale jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa ní 1937, àdéhùn ayé ìjọ́sí wà lára ohun tí a gbé ẹsẹ̀ lé. Ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú ṣí, epo wa ń lọ, owó ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìbọn Èkó ṣe wá ní oore. Nígbà ogun Ìjàyè, láàárín 1860 sí 1865, ilẹ̀ wa ni Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn fi ṣe pápá ìjà. Àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta àti àwọn tó ń kírun ní Ìbàdàn dojú ìbọn kọ ara wọn lórí oko wa, ilé tiwa ló sì ń jó. Nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover ló rán ọmọ ogun West India àti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, tó lé wọn lọ lọ́jọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1865. Ìyà àwọn ọdún yẹn ló jẹ́ kí ìlú 13 fi ilé àtijọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n kóra jọ di Ṣágámù ní 1872. Ẹni tí ìbọn kan gbà là ní Ìkòròdú kò lè tètè bú irú ìbọn náà nígbà tó dé Ìmàgbọ̀n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tó gba èmi là, ìbátan mi ló pa lẹ́yìn ọdún 27. Bí mo bá jẹ nínú èrè rẹ̀, ó kéré tán, kí n bá olókùú sunkún.

Lẹ́yìn ogun ni ẹ̀sìn méjèèjì wá wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àjọwọlé. Ìjọ Áńgílíkà dá St. Saviour's sílẹ̀ ní Ìtàlúpè, Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1892 náà gan-an, ilẹ̀ Ìmàgbọ̀n kò tíì gbẹ. Ìsìláàmù gbilẹ̀ kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Balógun Bẹ̀llò Kúkù gba ẹ̀sìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n sì sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe títí di òní. Ní Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ nílùú náà. Ọdún 17 péré lẹ́yìn Ìmàgbọ̀n ni wọ́n bí ọmọ náà, ní 6 oṣù Ẹrẹ́nà 1909. Ilé ìwé ló wá di ohun ogun fún ìran yẹn. Mi ò mọ ìdílé kan ní Ṣágámù lónìí tí kò ní Àlàájì àti Díákónì nínú àwọn ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Àlàáfíà yìí dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan, pé abọ̀rìṣà ni àwọn tó kú ní Yemójì, kò sì sí ohun tó kan àwọn nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wo ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Ojúde Ọba. Àwọn ọmọ ilé Balógun ń gun ẹṣin wọ ojúde Awùjalẹ̀, ìbọn ń dún, àwọn ẹgbẹ́ ń ṣán aṣọ olówó iyebíye, gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Ọmọ jagunjagun ni wọ́n ní tòótọ́, ọlá náà sì tọ́ sí wọn. Nínú gbogbo ìbọn tó ń dún lọ́jọ́ náà, mo ń wá ọ̀kan tí wọ́n yìn fún àwọn tí kò padà láti Ìmàgbọ̀n.

Ààfáà yóò sọ fún mi pé òfin kò gba àdúrà ìdáríjì fún ẹni tó kú láìgbà. Olùṣọ́ àgùntàn yóò sọ ohun tó fara jọ ọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Àdúrà kọ́ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀. Ìtàn ni kí ẹ sọ. Ní Jímọ̀ tàbí Sọ́ńdè tó bá súnmọ́ 19 oṣù Èbìbí, kí lẹ́mọ́mù kan ní Ṣágámù dìde kó sọ pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tó yìnbọn lọ́jọ́ náà, kí àlùfáà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ sì sọ pé onígbàgbọ́ ló pàṣẹ pé kí wọ́n yìn ín, kí àwọn méjèèjì sì fi kún un pé àwọn bàbá wa tó ń ta ènìyàn lọ́jà ló fún ìbọn náà ní ẹni tí yóò gbé e. Ẹ̀yin Òṣùgbó, ẹ̀yin ni ẹ kù tí ẹ lè lu ìlù fún wọn lọ́nà tí wọ́n mọ̀. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Àti ìwọ tí bàbá ńlá rẹ ti Ìjẹ̀bú-Òde wá ṣòwò ní Ṣágámù, tó jókòó, tó kọ́lé, tó bímọ, lọ bi àgbà ilé yín léèrè pé ta ni wọ́n retí retí tí kò padà wálé lọ́dún tí òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá rántí orúkọ kan ṣoṣo, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi sọ ọmọ tí ẹ bá bí lẹ́yìn èyí, ì báà jẹ́ ìrìbọmi ni ẹ máa ṣe fún un, ì báà jẹ́ ààfáà ni ẹ máa pè.